Alfa DNS Ló Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Ọwọ́ Mùrí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa ka ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tòní. Ẹni tó ni ìtàn náà kò sunkún nígbà tó ń rò ó fún mi. Ẹkún ti tán lójú rẹ̀. Ó kàn jókòó bí ẹni tó ru ẹrù wá láti ọ̀nà jíjìn tí kò rí ẹni sọ̀ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síta, kí n má sì fi orúkọ òun pamọ́, nítorí kò sí ẹni tó kù tí kò tíì gbọ́ ọ nílùú Ìwó.

Abdulqowiyy lorúkọ rẹ̀. Ọmọ alfa ni, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Òkè-Ọba. Kékeré ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ṣẹ̀fíátù, ìyá Mùrí, tí ilé wọn kan ara wọn, ló gbà á tọ́. Inú abọ́ kan náà ni òun àti Mùrí ti jẹun dàgbà. Ṣẹ̀fíátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá, kì í pe Abdulqowiyy ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àjàní ló ń pè é, oríkì tí ìyá tó bí i fi ń kẹ́ ẹ, gbogbo ará ilé náà sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó da àárín wọn rú, géèmù ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Olúpọ̀nnà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fátókun, tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù ní Ìsàlẹ̀-Ọba. Ó ní wáìfáì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí fóònù pẹ̀lú àwọn tó wà nílùú mìíràn. Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje kan tí àṣekágbá rẹ̀ máa wáyé ní Òṣogbo, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Odídẹrẹ́. Àwọn mẹ́ta ló ń gbá a, lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ẹnìkan bá ṣe tirẹ̀ tán, èkejì á bọ́ síbẹ̀. Olúdáre ni olórí wọn. Mùrí, tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ni gbogbo wọn gbójú lé. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yára lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yára lórí fóònù.

Abdulqowiyy kò sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Òun ni wọ́n fi pamọ́, bóyá ara ẹnìkan kò ní yá.

Ṣùgbọ́n ó mọ ìdí fóònù. Ó ti kà á níbì kan pé bí géèmù bá ń há, kí èèyàn pààrọ̀ DNS, àwọn nọ́ńbà kan tó wà nínú ètò fóònù. Ó gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù ẹnìkan, ó pa nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ rẹ́, ó fi òmíràn sí i. Orí bá a ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lọ́jọ́ náà, géèmù ń sáré. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Alfa DNS. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà bọ̀ láti Ilé-Ogbó, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ní kí Alfa bá àwọn fi DNS tó yára sí i.

Ó gbà á gbọ́ nígbà náà, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó yá ló jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà yìí sí i, ó gbá bọ́ọ̀lù. Ó fi tọ̀hún sí i, ó tún gbá a. Bákan náà ni. Ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bákan náà ṣì ni.

Ìgbà yẹn ló yé e. Bí àlejò bá sọ̀ ní gáréèjì Ìwó, tó ní òun ń wá ilé báyìí-báyìí, ẹnìkan á júwe ilé náà fún un. Iṣẹ́ DNS kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹni tó ń júwe bá lọ́ra, géèmù lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti mọ̀nà, ẹni tó júwe kì í bá a rìn, òun kọ́ ló sì ni kòtò tó wà lójú títì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń yí, tí géèmù ń há, kí èèyàn wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn.

Ǹjẹ́ ó sọ fún wọn? Kò sọ. Orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Ó ṣe ohun kan tó dára, ó ṣòfin. Ó ní bí ẹnìkan bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kí gbogbo àwọn tó kù yọ fóònù wọn kúrò lórí wáìfáì Fátókun, nítorí bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá wọ ojú ọ̀nà tóóró lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó máa rí ọ̀nà kọjá. Òfin náà ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rú u, àfi ẹni tó ṣe é.

Ìgbà àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Ó ń fa wáàsí láti orí wáìfáì náà sórí fóònù rẹ̀, àwọn wáàsí gígùn onífídíò tí àwọn ìyá ọmọ kéwú máa ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ó gbàgbé láti dá a dúró. Mùrí sì ti bẹ̀rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù Mùrí dúró gbagidi níwájú góòlù. Mùrí ń tẹ̀ ẹ́, kò mira. Ìgbà tó fi mira, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n jẹ góòlù lórí rẹ̀, wọ́n tún jẹ òmíràn.

“Mùrí, kí ló ń ṣe ẹ́?” Olúdáre bi í.

“Ó ń há ni.”

“Ṣé orí tìẹ nìkan ló ń há sí? Alfa, bọ́ síbẹ̀ fún èyí tó kù.”

Abdulqowiyy na ọwọ́ láti fi fóònù tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí i pé wáàsí ṣì ń wọlé. Ó dá a dúró kíá, ó gba ti Mùrí, ó gbá a. Ó jẹ, ó tún jẹ. Ṣọ́ọ̀bù dàrú. “Alfa! Alfa!” ni wọ́n ń pariwo, Fátókun gbé e lọ́wọ́ sókè. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ Mùrí lójú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ kó dùn lọ.

Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, Mùrí ní, “Àjàní, sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ṣe mí lónìí?”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Abdulqowiyy. Ọ̀rọ̀ kékeré ni: má bínú, fóònù mi ni mo gbàgbé. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín, kó parí síbẹ̀.

“DNS rẹ ni,” ó dáhùn. “Gbé e wá lọ́la, màá bá ẹ pààrọ̀ ẹ̀.”

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni irọ́ ti ta gbòǹgbò.

Nígbà tí ó tún kan Mùrí láti gbá a, ìka Abdulqowiyy wà lórí fóònù tirẹ̀. Ó rò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé wáàsí kúkú ni, kì í ṣe fíìmù. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú kí èèyàn fa wáàsí sórí fóònù? Ẹ ò rí i bí Ṣàítánì ṣe ń wé láwàní. Ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù há mọ́ Mùrí lẹ́sẹ̀. Olúdáre tún ní, “Alfa, bọ́ síbẹ̀.”

Ó di àṣà. Bí ó bá kan àwọn tó kù, wáàsí á sinmi. Bí ó bá kan Mùrí, wáàsí á bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rẹ́ tòótọ́ náà á tún gba fóònù Mùrí, á pààrọ̀ DNS, á ní, “Èyí á ṣe é.” Mùrí á sì dúpẹ́.

Ó sọ fún mi pé ọpẹ́ yẹn ló ń jẹ òun lọ́kàn jù. Òun kì í lè sùn dáadáa, tí òun bá sì sùn, ó máa ń rẹ òun ju ẹni tó roko lọ. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń gun ẹṣin irọ́, kì í mọ ibi tó ti máa sọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Olúdáre sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, “Mùrí, má bínú o, ọwọ́ ẹ ti kú.”

Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ Mùrí. Ó wá di pé bó bá jókòó, á na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, á máa ṣí i, á máa pa á dé. Ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó gé aṣọ ìgbéyàwó kan ṣì, èyí tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ń bẹ̀rù láti mú sáásì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹlòmíràn máa bá òun gé e, kí òun máa rán an.

Hikmat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wá bá Abdulqowiyy ní ilé-kéwú. “Bọ̀ọ̀dá Àjàní, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, á gbà yín gbọ́.”

“Màá bá a sọ̀rọ̀,” ó wí.

Kò bá a sọ nǹkan kan.

Ìyá pàápàá kò sọ̀rọ̀ géèmù rí, kò mọ ohun tó ń jẹ́ DNS. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ ọmọ òun, tí òun gbójú lé, ń gbọ̀n. Ó wá sí ọ̀dọ̀ Abdulqowiyy lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ojú obìnrin náà ti rẹ̀.

“Àjàní, ó ti sú mi,” ó wí. “Ayé ló di ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo fẹ́ ṣe sàráà. Ibi tí nǹkan ti ń ṣe é gan-an, níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ni mo fẹ́ ká ti ṣe é, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbá a. Ìwọ lo máa ṣàdúrà.”

“Ìyá, bóyá kẹ́ ẹ pe Bàbá mi.”

“Bàbá rẹ kọ́ ló mọ Mùrí bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Àdúrà ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló ń yára gbà.”

Ó gbà láti ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Ìdíje tó kù kí wọ́n tó lọ sí Òṣogbo ni. Olúdáre ti pe Abdulqowiyy sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí Mùrí bá tún lulẹ̀ lónìí, Abdulqowiyy ló máa bá àwọn lọ. Ìyá ti dín mọ́sà kún agbọ̀n. Fátókun tẹ́ ẹní sábẹ́ àtíbàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà ṣì ń bọ Ògún, ṣùgbọ́n ó ní àmín kò ní ilé kan, òun á ṣe é.

Láàárọ̀, Mùrí ti gbé fóònù rẹ̀ wá, Abdulqowiyy sì ti fi DNS mìíràn sí i fún un. Nígbà tó kan Mùrí láti gbá a, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ pẹ̀lú Olúdáre àti àwọn yòókù. Abdulqowiyy kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó to wáàsí mélòó kan jọ, ó tẹ̀ wọ́n, ó ju fóònù sínú àpò jàlàbíà rẹ̀. Ó wá jókòó sórí ẹní.

Ìyá na ọwọ́ sí i.

“Àjàní, mú fóònù rẹ wá. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí fóònù wà lápò ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ ṣàdúrà.”

Òótọ́ ni. Níbikíbi tí bàbá rẹ̀ bá ti ṣàdúrà ní Òkè-Ọba, wọ́n máa ń gba fóònù gbogbo èèyàn ni, kó má baà dún já àdúrà. Ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Ó gbé e fún un.

Ó ti ní “Aúsùbíláì” kí Ìyá tó tún sọ̀rọ̀. “Kí ló dé tí eléyìí gbóná báyìí? Hikmat, gbà á, bá a pa á kó má bàjẹ́.”

Hikmat mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù náà, òun ló máa ń bá a ya àwọn ọmọ kéwú ní fọ́tò. Abdulqowiyy fẹ́ sọ pé kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, alfa kì í dá a dúró sọ̀rọ̀ fóònù. Ẹnu rẹ̀ ń ka Fátíhà, ojú rẹ̀ wà lára Hikmat.

Láti inú ṣọ́ọ̀bù, ohùn Olúdáre jáde: “Ó tún ti há.”

Hikmat ṣí fóònù. Ó rí i pé nǹkan ń wọlé síbẹ̀. Ó dá a dúró kó tó pa á.

“Ó ti lọ!” ni wọ́n pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù. “Mùrí, gbá a! Gbá a!”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Ó wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Kò pa á mọ́. Ó rọra tún un tẹ̀, wáàsí tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ariwo inú ṣọ́ọ̀bù rọlẹ̀. “Kí ló tún dé?”

Ó dá a dúró. Ariwo sọ. Ó tún un tẹ̀. Ariwo kú. Ó dá a dúró, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó wá wo Abdulqowiyy.

“Sọ ọ́ fún Ọlọ́run, Àjàní,” Ìyá wí, ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀. “Sọ fún un pé ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mi mú, kó tú àṣírí rẹ̀ fó.”

Bí wọ́n ti ń ṣe sàráà nílé wa nìyẹn: ohun tí ẹni tó ṣe sàráà bá bẹ̀, alfa gbọ́dọ̀ gbà á sọ. Àwọn èèyàn ń dúró.

“Ọlọ́run Ọba,” ó wí, “ẹni tó di ọwọ́ Mùrí mú, tú àṣírí rẹ̀ fó.”

“Àmín,” ni gbogbo wọn wí. Fátókun ṣe tirẹ̀ sókè réré. Hikmat nìkan ni kò ṣe àmín.

Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, Mùrí sáré jáde. Ó ti jẹ, ó ti borí. Ó di mọ́ Abdulqowiyy lórí ẹní níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Àjàní, DNS tó o fi sí i láàárọ̀ yìí, òun nìyẹn! O ṣe é o. Ọlọ́run á ṣe tìẹ náà.”

Hikmat dìde. Kò pariwo. Ó gbé fóònù náà sókè díẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Àjàní, ẹ sọ fún un.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Ẹ sọ ọ́ kí èmi tó sọ ọ́.”

Ó ní ohun tó kọ́kọ́ sọ sí òun lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rù. Ó rẹ òun ni. Ó rẹ òun débi pé ká ní wọ́n fi ilẹ̀ lọ òun, òun ì bá sùn sórí rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tirẹ̀ kò sì tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó ti sú u.

“Mùrí,” ó wí, “kì í ṣe DNS. Kò fìgbà kankan jẹ́ DNS. Èmi ni. Tó bá ti kàn ẹ́, èmi ni mo máa ń fa wáàsí lórí wáìfáì, kó lè há mọ́ ẹ lọ́wọ́.”

Fátókun ló kọ́kọ́ lanu. “Ìwọ lo ṣòfin yẹn,” ó wí. Olúdáre pòṣé, ó wọlé lọ, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun fọwọ́ kan alfa.

Mùrí kò bínú, tàbí ká sọ pé ìbínú rẹ̀ kò tíì dé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

“Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ mi?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

“Láti ìgbà yìí wá?”

“Láti ìgbà yìí wá.”

Mùrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níta ẹní, ó fi ọwọ́ náà bojú, ó sunkún. “Mo ti sọ fún ọ̀gá mi lánàá,” ó wí, “pé mi ò lè gé aṣọ mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ aṣọ.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú á máa yọ́ ọn ṣe. Abdulqowiyy mọ òwe náà, ó ti fi kọ́ ọmọ rí.

Mùrí lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní ẹni tó na án níbẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù jù ú lọ, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀, kò wá àwáwí kankan. Ó ti padà sídìí sáásì rẹ̀. Òun àti Abdulqowiyy a máa kí ara wọn ní mọ́ṣáláṣí, kò ju ìkíni náà lọ. Àwọn oní fóònù ṣì ń wá láti Ilé-Ogbó. Abdulqowiyy ń sọ fún wọn pé DNS kọ́, kí wọ́n lọ wo ẹni tí wọ́n jọ ń lo wáìfáì. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní Alfa ti rí èyí tó dára, ó ń fi pamọ́.

Ó ní gbogbo ìyẹn, òun lè gbé e. Ohun tó ní kí n kọ gan-an ni ohun tó kángun sí sàráà ọjọ́ náà.

Ìyá kò bú u, kò gbá a létí bó ti máa ń gbá a létí ní kékeré. Ó dìde, ó pín mọ́sà fún gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. Ó wá di èyí tó pọ̀ jù sínú ọ̀rá, nítorí ìpín alfa ló máa ń pọ̀ jù. Ó gbé e wá síwájú ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ dàgbà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún alfa tó ti ìlú mìíràn wá, kò wo ojú rẹ̀.

“Alfa,” ó wí, “ìpín yín rè é. Ẹ ṣeun.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Àjàní mọ́.